Níní Ìwé àbí Rírí Ìwé Kà: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Ilé Ìkàwé, láti Jikwoyi

Òfin Ilé Ìkàwé Àpapọ̀ Nàìjíríà tí wọ́n ṣe ní 1970 sọ ọ́ ní pàtó: ẹnikẹ́ni tó bá tẹ ìwé jáde ní orílẹ̀-èdè yìí gbọ́dọ̀ fi ẹ̀dà mẹ́ta ránṣẹ́ sí ilé ìkàwé náà, ìjọba ìpínlẹ̀ yóò fi mẹ́wàá ránṣẹ́, ìjọba àpapọ̀ yóò fi 25 ránṣẹ́. Ọdún 2006 ni wọ́n gbé iṣẹ́ ilé tí àwọn ìwé wọ̀nyí yóò máa gbé ní àárín ìlú Àbújá fún agbaṣẹ́ṣe, ní owó tó lé ní bílíọ̀nù mẹ́jọ náírà. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹsàn-án 2025, tí ìyàwó Ààrẹ, Olúrẹ̀mí Tinubu, pé ọmọ ọdún 65, iṣẹ́ náà kò tí ì parí. Ó sì ní kí àwọn tó fẹ́ fún òun lẹ́bùn ọjọ́ ìbí dá owó náà sí kíkọ́ ilé ọ̀hún tán.

Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan náà ni Jikwoyi àti ilé yẹn wà, ìyẹn AMAC. Ẹni tó ń gbé Jikwoyi yóò gba Karu àti Nyanya kọjá kó tó wọ àárín ìlú, ẹni tó bá sì mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya láàárọ̀ mọ ohun tí ìrìn àjò yẹn ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ fóònù tó wà lápò ẹni náà lè gbé ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní London wá síwájú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, bí dátà bá wà, bí iná bá sì wà láti fi gba agbára sí i.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ yẹ̀ wò nìyí. Nígbà tí owó kò tó ohun gbogbo, ṣé kí ilé ìkàwé ra ìwé kó sì tọ́jú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìní ni, tàbí kó fi owó náà ṣí ọ̀nà fún òǹkàwé sí ìwé tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn? Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé káàkiri ayé ti ń jiyàn lé e tipẹ́ kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé. Ìdáhùn tó wà nílẹ̀ kò dín ní márùn-ún, kò sì sí èyí tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn láìgbọ́ tẹnu rẹ̀.

Àwọn tó ní kí a ní in

Ìlérí ilé ìkàwé kì í ṣe fún ẹni tó wọlé lónìí nìkan. Ó ń ṣe é fún ẹni tí yóò wọlé ní àádọ́ta ọdún sí i pẹ̀lú. Kò sì sí ẹni tó lè fi ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ mú irú ìlérí bẹ́ẹ̀ ṣẹ. Ohun tí ilé èrò yìí gbà gbọ́ nìyẹn, Ìbàdàn sì ni àpẹẹrẹ rẹ̀ tó lágbára jù ní ilẹ̀ wa. Kí Yunifásitì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀ ní 1948, ìjọba ti ra ìwé tí Henry Carr fi sílẹ̀, bí 18,000 ìdìpọ̀. Ará Èkó ni Carr, ọ̀gá nínú ètò ẹ̀kọ́, tó kú ní 1945. Orí àkójọ rẹ̀ ni wọ́n kọ́ ilé ìkàwé tí à ń pè ní Kenneth Dike lónìí lé. Ní 1950, òfin sọ ilé ìkàwé náà di ibi tí ẹ̀dà ìwé tí a bá tẹ̀ ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ dé. Òfin 1970 kò sì yọ ọ́ sílẹ̀: nínú ẹ̀dà mẹ́ta tí òǹtẹ̀wé bá mú wá, méjì ń dúró sí Ilé Ìkàwé Àpapọ̀, ẹyọ kan ń lọ sí Ìbàdàn.

Èrè irú ìtọ́jú yìí kì í tètè hàn. I. B. Thomas, tó ni ìwé ìròyìn Akéde Èkó, ń tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá jáde díẹ̀díẹ̀ láàárín 1929 sí 1930. Ìwé ìròyìn olówó pọ́ọ́kú ni, kò sì dájú pé ẹnì kan nígbà náà rò pé ẹnikẹ́ni yóò tún béèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Karin Barber fẹ́ gbé ìtàn náà jáde padà ní 2012, pẹ̀lú ìtumọ̀ àti àlàyé lórí ayé àwọn òǹkàwé Èkó ìgbà náà, àwọn ojú ewé àtijọ́ wọ̀nyẹn ló ní láti padà sí. Ká ní kò sí ilé kan tó tọ́jú wọn ni, ìtàn àròsọ Yorùbá ìbá ti pàdánù ọ̀kan nínú àwọn ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Ayé kọ̀ǹpútà tún fi agbára kún ọ̀rọ̀ wọn. Ní oṣù Keje 2009, Amazon pa ìwé méjì tí George Orwell kọ rẹ́ kúrò nínú ẹ̀rọ Kindle àwọn oníbàárà rẹ̀ láti òkèèrè, nítorí pé ẹni tó gbé wọn sórí àtẹ kò ní àṣẹ. Àwọn oníbàárà rí owó wọn gbà padà, ṣùgbọ́n ìwé ti kúrò lọ́wọ́ wọn. Nílé níbí, OkadaBooks, tó ti ń ta ìwé àwọn oǹkọ̀wé Nàìjíríà lórí fóònù láti 2013, kógbá wọlé ní oṣù Kọkànlá 2023. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé aṣọ àyálò kì í bá ni mu: bí kò fún ni lọ́rùn, á fún ni lápá, rẹ́gírẹ́gí ni ohun ẹni ń bá ni mu.

Àwọn alátakò náà ní ẹ̀rí tiwọn. Ìwádìí tí Allen Kent àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Yunifásitì Pittsburgh, tó jáde ní 1979, fi hàn pé nínú ìwé tí ilé ìkàwé wọn rà ní 1969, bí ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹnikẹ́ni kò yá rárá láàárín ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Níbi tí owó wà nìyẹn o. Ìwé tí ẹnikẹ́ni kò kà ṣì ń gba àyè, ó ń fẹ́ òrùlé tí kò jò àti òṣìṣẹ́ tí yóò máa lé ikán àti èbu lára rẹ̀. Níní náà kò sì ní kí ohun ìní má ṣègbé. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin 2021, iná láti orí òkè jó ilé ìkàwé Jagger ní Yunifásitì Cape Town, ó sì ba apá ńlá jẹ́ nínú ọ̀kan lára àwọn àkójọ tó dára jù nípa ilẹ̀ Áfíríkà. Ohun tó jẹ́ ẹ̀dà kan ṣoṣo níbẹ̀, tí wọn kò tí ì ya sí kọ̀ǹpútà, kò ní padà mọ́.

Àbùkù tó wúwo jù lójú tèmi ni ti ẹnu ọ̀nà. Àkójọ tó kún tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ kò ṣí, tàbí tó ṣí níbi tí ẹni tó nílò rẹ̀ kò lè dé láìpàdánù owó iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, kò yàtọ̀ sí àkójọ tí kò sí lójú ẹni náà. Àwọn tó ń jà fún níní ìwé sábà máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ohun tí orílẹ̀-èdè ní, gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè ló ní in. Ọ̀nà tó ti Jikwoyi wọ Àbújá kò jẹ́rìí sí ìyẹn.

Àwọn tó ní kí a ṣí ọ̀nà

S. R. Ranganathan, olùkọ́ iṣẹ́ ilé ìkàwé ní Íńdíà, gbé òfin márùn-ún kalẹ̀ ní 1931. Èkíní nínú wọn ni pé lílò ni ìwé wà fún. Àwọn ará ilé èrò kejì kọ́ ilé wọn lé òfin yìí. Bí lílò bá ni kókó, wọ́n ní kò yẹ kí a máa bi ara wa pé ìwé mélòó ni a ní. Ká béèrè pé ènìyàn mélòó ló rí ohun tó ń wá, àti pé báwo ló ṣe pẹ́ tó kí ó tó rí i. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi èyí dánra wò ní ọdún 1960 sí ìwájú. Donald Urquhart dá ilé ìkàwé kan sílẹ̀ ní Boston Spa, abúlé kan ní Yorkshire, tó kó jọ́nà, ìyẹn ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń gbé ìwádìí wọn sí, jọ láti máa fi ẹ̀dà wọn ránṣẹ́ sí ilé ìkàwé yòókù nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́. Àwọn yòókù kò ní láti ra jọ́nà tí ẹnì kan péré máa ń béèrè lẹ́ẹ̀kan lọ́dún mọ́.

Ní Nàìjíríà, ìyà ló kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ yìí. Lẹ́yìn tí ìjọba gbé SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, kalẹ̀ ní 1986 tí náírà sì já wálẹ̀, ilé ìkàwé yunifásitì kan tẹ̀lé òmíràn dẹ́kun sísan owó jọ́nà òkèèrè. Àlàfo tó ṣí sílẹ̀ lórí àtẹ wọn láti ọdún wọ̀nyẹn kò tí ì dí. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi kí HINARI káàbọ̀ tayọ̀tayọ̀ nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn òǹtẹ̀wé ńlá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2002. Nípasẹ̀ rẹ̀, dókítà àti olùwádìí ní orílẹ̀-èdè tí kò lówó lọ́wọ́ lè ka jọ́nà ìṣègùn lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní owó díẹ̀. AGORA tẹ̀ lé e ní 2003 fún iṣẹ́ àgbẹ̀. African Journals Online, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1998 tó sì fìdí kalẹ̀ sí South Africa nísinsìnyí, gbé jọ́nà tí a ń tẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà fúnra rẹ̀ síta kí ayé lè rí wọn. Ní ọdún 2002 kan náà, àwọn ọ̀mọ̀wé kan kéde láti Budapest pé ó yẹ kí gbogbo iṣẹ́ ìwádìí wà ní ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ènìyàn. Ní Àbújá níbí, Yunifásitì NOUN, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Jabi, ń gbé ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Jikwoyi sì lè gbà á sílẹ̀ láìdé Jabi.

Agbára èrò yìí kò fara sin. Ọ̀nà kan tí a bá sanwó fún lè ran ẹgbẹ̀rún ènìyàn lọ́wọ́ ní ìṣẹ́jú kan náà. Ìwé kan lórí àtẹ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wà ní àdúgbò olówó bíi Maitama àti ẹni tó wà ní ẹ̀bá ìlú bíi Kurudu, ojú ewé kan náà ni wọ́n ń wò.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Kí oṣù Kẹfà 2023 tó dé, dọ́là kan kò ju bí ₦470 lọ ní ọjà ìjọba. Ní oṣù Kejì 2024, ó ti kọjá ₦1,400. Ilé ìkàwé tó ń san àsansílẹ̀ $10,000 lọ́dún, tí ₦4,700,000 tó fún un tẹ́lẹ̀, ní láti wá mílíọ̀nù mẹ́rìnlá ó lé fún ohun kan náà gan-an. Bí kò bá rí i, kì í ṣe ìwé ọdún yẹn nìkan ni yóò pàdánù. Lábẹ́ ọ̀pọ̀ àdéhùn, ọdún tó ti sanwó fún sẹ́yìn náà lè tì mọ́ ọn lójú. Ìwé orí bébà tó rà ní 1985 ṣì wà níbẹ̀.

Àdéhùn náà tún ní ẹ̀gún tirẹ̀. Ní 2011, HarperCollins pàṣẹ fún ilé ìkàwé Amẹ́ríkà pé bí wọ́n bá ti yá ìwé orí kọ̀ǹpútà kan jáde ní ìgbà 26, kí wọ́n tún un rà. Ní oṣù Kìíní ọdún yẹn kan náà, àwọn òǹtẹ̀wé kan yọ jọ́nà tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì kúrò nínú ohun tí àwọn ará Bangladesh ń kà nípasẹ̀ HINARI. Ìgbà tí àwọn oníṣègùn pariwo síta ni wọ́n dá a padà. Ẹ̀bùn ni, kì í ṣe ẹ̀tọ́, ẹni tó fúnni sì lè gbà á padà.

Ewu ara ẹ̀rọ náà wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun kọjá, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan. Báńkì àti ilé iṣẹ́ ní Nàìjíríà sì rí ìyọnu fún ọjọ́ púpọ̀. Ní oṣù Kẹrin tó tẹ̀ lé e, ìjọba gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí iná wọn ń pẹ́ jù, láti ₦68 sí ₦225 fún ìwọ̀n kan. Ilé ìkàwé tó gbé gbogbo ara rẹ̀ lé kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ san owó iná, tàbí kó ra epo jẹnẹrétọ̀, tàbí kó fi owó ńlá ra sólà. Bí kò bá ṣe é, ẹrù náà yóò bọ́ sí ọrùn òǹkàwé tó ń ra dátà ní ẹyọ ẹyọ. Ìwé tí ìwé àdéhùn pè ní ọ̀fẹ́ ti di ohun tí òǹkàwé ń fi owó oúnjẹ rà.

Kí n tó kúrò níbẹ̀: ìdìpọ̀ jọ́nà tí wọ́n ń tà láti Amsterdam tàbí New York, èdè Gẹ̀ẹ́sì ló kún inú rẹ̀. Ẹni tó ń wá ìwé Yorùbá, ká má tilẹ̀ sọ ti Gbagyi, èdè àwọn onílẹ̀ Jikwoyi, kò lè retí púpọ̀ níbẹ̀, bó ti wù kí ilé ìkàwé sanwó tó.

Àwọn tó ní kí a pín ẹrù

Èrò kẹta kò pẹ́ sọ. Kò sí ilé ìkàwé kan tó lè ní gbogbo nǹkan, nítorí náà kí olúkúlùkù gba apá tirẹ̀ tọ́jú, kí wọ́n sì máa yá ara wọn. Àwọn ilé ìkàwé ńlá Amẹ́ríkà ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ láti 1948 sí 1972, tí wọ́n pè ní Farmington Plan. Láti 1963 ni ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní CAMP ti ń ya ìwé ìròyìn àti ìwé àtijọ́ ilẹ̀ Áfíríkà sórí fíìmù, tí wọ́n sì ń tọ́jú wọn sí Chicago fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Irú ìrẹ́pọ̀ bẹ́ẹ̀ wà lọ́kàn àwọn tó péjọ sí Ìbàdàn ní 1953, nígbà tí UNESCO pe ìpàdé lórí ọ̀nà tí ilé ìkàwé gbogbo ènìyàn yóò gbà gbilẹ̀ ní Áfíríkà. Ìpàdé yẹn ló ṣí ọ̀nà fún ilé ìkàwé Enugu, tí UNESCO fi ṣe àwòkọ́ṣe, tó sì ṣílẹ̀kùn ní 1959.

Ìrẹ́pọ̀ yìí dára, ó sì ń dín ìnáwó kù. Àìlera rẹ̀ ni pé ó gbára lé ohun mẹ́ta tó wọ́n níbí: kátálọ́ọ̀gù kan tí gbogbo wọn jọ ń lò, ọ̀nà tí ìwé fi ń rìn láìsọnù, àti ìgbẹ́kẹ̀lé pé ẹnìkejì yóò mú ìpín tirẹ̀ ṣe bí ọ̀gá rẹ̀ tilẹ̀ yí padà. Ilé ìkàwé kékeré ló sì máa ń pàdánù níbẹ̀. Ó ń gbà ju bó ṣe ń fúnni lọ, nígbà tí owó bá sì gbẹ, òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbàgbé.

Àwọn tó ní kí a ní fáìlì tiwa

Àwọn kan ní a ti pín ọ̀rọ̀ náà sí méjì lọ́nà tí kò tọ́. Ohun tí a ń kà lórí kọ̀ǹpútà, kí ló dé tí kò lè jẹ́ tiwa? Cliff Missen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásitì Iowa dáhùn pẹ̀lú eGranary: àìmọye ìwé àti ojú ewé tí àwọn tó ni wọ́n fọwọ́ sí, tí wọ́n kó sínú kọ̀ǹpútà kan, tí yunifásitì ní Nàìjíríà àti níbòmíràn gbé sínú ọgbà wọn. Ẹni tó wà nínú ọgbà ń kà á láìra dátà, kò sì kàn án bí okùn abẹ́ òkun bá já. Yunifásitì Stanford náà bẹ̀rẹ̀ LOCKSS ní 1999, níbi tí ilé ìkàwé púpọ̀ ti ń tọ́jú ẹ̀dà jọ́nà kan náà, kí ọ̀kan lè rọ́pò òmíràn bí ó bá bàjẹ́.

Ìgbésẹ̀ tó le jù nínú ilé èrò yìí ni ti Internet Archive. Ó ń ya ìwé tó ní sórí kọ̀ǹpútà, ó sì ń yá fáìlì náà jáde fún ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ẹni ń yá ìwé gidi. Nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilé ìkàwé pa ní oṣù Kẹta 2020, ó tú ìdè náà, ẹnikẹ́ni sì lè yá a láìdúró de ara wọn. Àwọn òǹtẹ̀wé mẹ́rin gbé e lọ sílé ẹjọ́ ní oṣù Kẹfà. Adájọ́ dá wọn láre ní oṣù Kẹta 2023, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì fọwọ́ sí ìdájọ́ náà ní oṣù Kẹsàn-án 2024. Ìwé tó lé ní ìdajì mílíọ̀nù kúrò lórí àtẹ rẹ̀. Mo gbà pé ẹ̀tọ́ oǹkọ̀wé kì í ṣe ohun ìṣeré, pàápàá ní ilẹ̀ tí ayédèrú ìwé ti ń jẹ oǹkọ̀wé run. Síbẹ̀ ó yẹ kó dùn wá pé ilé ìkàwé lè yá bébà tó ní jáde, ṣùgbọ́n kò lè yá àwòrán bébà kan náà.

Ní Nàìjíríà, Òfin Ẹ̀tọ́ Oǹkọ̀wé 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta 2023, gba ilé ìkàwé láyè láti ṣe ẹ̀dà ohun tó wà nínú àkójọ rẹ̀ nítorí ìtọ́jú. Ó tún gba ṣíṣe ẹ̀dà tí afọ́jú lè lò láyè. Ìlọsíwájú gidi ni. Títọ́jú ẹ̀dà sí inú ilé kò jẹ́ ohun kan náà pẹ̀lú fífi ránṣẹ́ sí fóònù ẹni tó wà ní Jikwoyi, ṣùgbọ́n ilé ìkàwé tí kò tíì ṣe àkọ́kọ́ kò lè gbèrò ìkejì.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé fáìlì kì í jóná. Ní òpin oṣù Kẹwàá 2023, àwọn ọ̀daràn kọlu kọ̀ǹpútà British Library, àní kátálọ́ọ̀gù rẹ̀ kò padà títí di oṣù Kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e. Mílíọ̀nù ìwé wà lórí àtẹ láìfarapa, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a fi ń bèèrè wọn ti dí. Timbuktu fi apá kejì hàn. Ní 2012, Abdel Kader Haidara àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi àpótí kó àwọn ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ sá lọ sí Bamako, kí ọwọ́ àwọn jàǹdùkú má baà tẹ̀ wọ́n. Ohun tí wọ́n kó sá ni wọ́n wá ń yà sí kọ̀ǹpútà báyìí. Níní ló kọ́kọ́ gbà wọ́n là.

Àwọn tó ní ìbéèrè náà kò pé

Adolphe Amadi kọ ìwé kan ní 1981 tó gún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lára. Ó ní ilé ìkàwé tí àwọn aláwọ̀ funfun gbé kalẹ̀ ní Áfíríkà kò rí ìmọ̀ tó wà lẹ́nu àwọn ènìyàn bí ìmọ̀ rárá. Lẹ́yìn rẹ̀, Bímpé Abóyadé ti Yunifásitì Ìbàdàn gbé ìròyìn àti ìmọ̀ lọ bá àwọn ará abúlé, ní Badeku àti àyíká rẹ̀, nípa ọ̀rọ̀ ẹnu, àwòrán àti ìfihàn, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé kà. Ohun tó wá hàn ni pé ìbéèrè àwọn ará abúlé pọ̀: ajílẹ̀, omi, ìlera ọmọ, òfin ilẹ̀. Ìdáhùn wà níbì kan nínú ìwé, ṣùgbọ́n ìwé kọ́ ni wọ́n ń béèrè.

Fún ilé èrò yìí, ìjà níní àti ìjà ọ̀nà, láàárín àwọn tó mọ̀wé ni. Ó ṣòro láti sọ pé irọ́ ni wọ́n pa. Ilẹ̀ Gbagyi ni Jikwoyi jẹ́ kí òfin 1976 tó sọ agbègbè náà di apá kan olú ìlú. Ìtàn bí wọ́n ṣe tẹ̀ ọ́ dó, orúkọ òkè àti odò ibẹ̀, bí ìdílé ṣe pín ilẹ̀, ẹnu àwọn àgbà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣì wà. Kò sí ilé iṣẹ́ kankan tí yóò ta ìyẹn fún wa ní àsansílẹ̀. Àìlera wọn ni pé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ òṣìṣẹ́ tó gbọ́ èdè, tó ní sùúrù, tí owó oṣù rẹ̀ kò sì dá lé ẹ̀bùn àjọ òkèèrè. Púpọ̀ nínú irú ètò bẹ́ẹ̀ ní Áfíríkà ń kú nígbà tí owó àkọ́kọ́ bá tán. Ohùn tí wọ́n bá sì gbà sílẹ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀. A ti tún padà sí ọ̀rọ̀ níní.

Bí ó ṣe kan Jikwoyi

Bí mo bá kó gbogbo rẹ̀ jọ, ohun tí mo rí ni pé ìbéèrè tó wúlò jù kì í ṣe "níní àbí ọ̀nà", bí kò ṣe "bí àwa kò bá tọ́jú èyí, ta ni yóò tọ́jú rẹ̀?" Jọ́nà fisíìsì tó wà ní ẹgbẹ̀rún ilé ìkàwé kò nílò àtẹ ní Jikwoyi, ọ̀nà sí i ló nílò. Ìwé ìròyìn agbègbè, àkọsílẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀, ìwé tí oǹkọ̀wé tẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ìwọ̀n ọgọ́rùn-ún péré, ohùn àgbà Gbagyi, ìwé Yorùbá tí òǹtẹ̀wé kò tún tẹ̀ mọ́: bí a kò bá ní ìwọ̀nyí, kò sí ọ̀nà kankan tí a lè sanwó fún tí yóò mú wọn padà. Ètò Endangered Archives ti British Library, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2004, ti fi ìlànà kan lélẹ̀ tí mo rò pé ó tọ̀nà: kí ojúlówó má kúrò ní orílẹ̀-èdè tó ni ín, kí ẹ̀dà sì wà nílé àti lẹ́yìn odi.

Ohun kan tún wà tí kò sí nínú èrò márààrún. Ẹni tó bá ti wọ ilé ìkàwé gbogbo ènìyàn ní Nàìjíríà mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àwọn tó jókòó síbẹ̀, ìwé tiwọn ni wọ́n gbé wá. Wọ́n ń múra fún JAMB, WAEC tàbí ìdánwò iṣẹ́. Àga, iná, afẹ́fẹ́ àti ìdákẹ́jẹ́ ni wọ́n wá gbà. Nínú ilé oníyàrá kan tí ènìyàn mẹ́fà ń gbé, kò sí ìwé tàbí ọ̀nà tó lè rọ́pò ìyẹn. Ó ṣeé ṣe kí yàrá kan tó mọ́, tó ní sólà, àtẹ ìwé díẹ̀ àti kọ̀ǹpútà tí ìwé ti wà nínú rẹ̀, ṣe fún ọ̀dọ́ Jikwoyi ju àkójọ ńlá tó wà ní òpin súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lọ. Mi ò sì ní kí a má parí èyí tó wà láàárín ìlú. Orílẹ̀-èdè tó ní òfin 1970 jẹ gbèsè ilé náà fún gbogbo oǹkọ̀wé tó ti fi ẹ̀dà ránṣẹ́.

Ohun tí kò tí ì yanjú

Kò tí ì dájú ohun tí òfin tí a ṣe nígbà tí ìwé jẹ́ bébà nìkan ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tẹ ìwé rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan. Ìwé ìròyìn orí fóònù ń jáde ó sì ń parẹ́ lójoojúmọ́, kò sì sí ẹ̀dà mẹ́ta tí a lè fi ránṣẹ́.

Kò dájú bóyá ilé ìkàwé Nàìjíríà lè ya ìwé tó ní kó sì yá fáìlì rẹ̀ jáde fún ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan, bí Internet Archive ti ṣe. Ìdájọ́ Amẹ́ríkà kò de ilé ẹjọ́ wa, òfin tiwa sì sọ̀rọ̀ lórí ìtọ́jú ju lórí yíyá lọ.

Ẹni tí yóò máa san owó ọ̀nà nígbà tí náírà bá tún já, yunifásitì ni, TETFund ni, àbí ìjọba àpapọ̀, kò tí ì ní ìdáhùn tó lè wà fún ogún ọdún. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ohùn tí a bá gbà sílẹ̀ lẹ́nu àgbà ní Jikwoyi: ṣé ti ìdílé rẹ̀ ni, ti ìlú, àbí ti ilé ìkàwé tó gbà á sílẹ̀? Bí ìdílé bá sì ní kí a má jẹ́ kí àjèjì gbọ́ apá kan nínú rẹ̀, èwo ni ilé ìkàwé yóò tẹ̀ lé nínú iṣẹ́ rẹ̀ méjèèjì, títọ́jú àbí ṣíṣí sílẹ̀?